Ara Kì Í Ṣe Èso Kòkó

Ezekiel ti fi oògùn kòkó pa ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ dé ìbàdí kí èmi, aládùúgbò wọn, tó dé àgbàlá wọn.

Yéjídé jókòó lórí àpótí. Ó ti tú ìró rẹ̀ sí ìdí, ó ki etí ìró náà bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú. Kò pariwo. Omi aláwọ̀ búlúù ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀. Omi kan náà la fi ń fín kòkó nígbà òjò.

Ezekiel tún ki ọwọ́ bọ inú garawa. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí oògùn náà kan ọwọ́ òun.

Mo ní kó gbé garawa náà sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó kù díẹ̀."

"Gbé e sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Mo bu omi nínú dírọ́ọ̀mù, mo dà á lé obìnrin náà lẹ́yìn. Mo tún bù, mo tún dà á. Nígbà tí omi búlúù náà ṣàn kúrò tán, mo rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó awọ rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, òtútù sì ń mú Yéjídé. Ó ń gbọ̀n.

Mo bi Ezekiel pé ta ló kọ́ ọ ní irú ìtọ́jú yìí. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Ó ní ohun tó wà lára ìyàwó òun, òun ti rí irú rẹ̀ lára kòkó. Èso á dú, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun á hù lé e lórí. Bí a bá fín in, á dúró. Ti Yéjídé náà ń hu funfun. Ó ní ohun tó bá pa ti kòkó, á pa tènìyàn.

Ezekiel kì í ṣe òmùgọ̀. Nínú gbogbo àwa tá a ń dá oko kòkó lẹ́yìn Èmùré, oko rẹ̀ ló mọ́ jù. Ohun tó jẹ́ kí inú bí mi nìyẹn. Ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irú èyí, àfi bí ẹ̀rù bá ń lé e.

Ohun tó ń lé e, mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn ìgbà tí Yéjídé bí ọmọ wọn, Jẹ́jẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ibì kan pọ́n ní ìgúnpá rẹ̀, ó nípọn, ó ń bó wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ó dé orókún. Ó dé àtàrí lábẹ́ irun. Wọ́n pè é ní làpálàpá. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ra ìpara lọ́jà. Kò lọ.

Ìyá Ezekiel kò pè é ní làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ ló pè é.

Ó ya abọ́ Yéjídé sọ́tọ̀. Ó ní kó má gún iyán mọ́, kí ìpẹ́ ara rẹ̀ má baà já sínú odó. Bẹ́ẹ̀, Yéjídé ló ń gún iyán agbo ilé náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Nígbà tó yá, ó gba Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa sùn lọ́dọ̀ òun. Nígbà tó tún yá, ó ká ẹní Yéjídé, ó gbé e lọ sínú àká tí wọ́n ń kó kòkó gbígbẹ sí.

Obìnrin tó lọ́kọ, tó bímọ, ń sùn láàárín àpò kòkó. Ọkọ rẹ̀ rí i. Kò sọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ni Timothy, àbúrò Ezekiel, rí ọmọbìnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́. Bísọ́lá lorúkọ rẹ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í fi ọmọ fún ilé tí a kò wádìí. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá mọ ilé.

Ìyá Ezekiel pe ọmọ rẹ̀. Níṣojú mi ló ti sọ ọ́.

"Kí àwọn àlejò yẹn tó dé, kí ara ìyàwó rẹ mọ́. Bí kò bá mọ́, kó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìlúmọba. N kò fẹ́ ẹ̀tẹ̀ nínú ulé mi. Jẹ́jẹ́ kò sì ní í bá a lọ."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kí ara Yéjídé mọ́, tàbí kó pàdánù ọmọ àti ilé.

Lọ́jọ́ ọjà, ọkùnrin kan máa ń gbé ọkọ̀ wá sí Èmùré. Ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ orí ọkọ̀ náà. Ìyẹ̀fun inú bébà funfun ló ń tà. Ó ní ewé àti egbò lásán ni. Ó ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo làkúrègbé, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo awọ ara. Oògùn tó bá ń wo gbogbo àrùn, ẹ sá fún un.

Ìyá Ezekiel kò sá. Ó rà á. Yéjídé ń fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún láràárọ̀.

Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi dán. Ìpẹ́ já dànù. Ìgúnpá rẹ̀ mọ́ bí ti ọmọdé. Ojú rẹ̀ kún, ó rí róbótó, àwọn èèyàn ní ara rẹ̀ ti yá. Wọ́n mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúpẹ́. Ó padà síbi odó, ó gún iyán, wọ́n jẹ ẹ́.

Oògùn náà tán. Ọlọ́jà náà kò yọjú mọ́. Wọ́n ní ó ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ara Yéjídé pọ́n láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Kì í ṣe ìgúnpá mọ́, kì í ṣe orókún mọ́. Eéwo wínníwínní tó lọ́yún nínú bò ó láyà. Awọ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀.

Àwọn àlejò Ìkẹ́rẹ́ ti dá ọjọ́. Ezekiel lọ po oògùn kòkó.

Mo ní kí wọ́n pe ọkọ̀ wá. Ìyá Ezekiel jáde sí wa.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ, Bàbá Kọ́láwọlé?"

"Ilé ìwòsàn, ní Adó."

"Bí ẹ bá ti kúkú gbé e, ẹ gbé e kọjá sí Ìlúmọba."

Mo sọ fún un pé bí Yéjídé bá kú sínú àká, òkú ni àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ máa bá nígbà tí wọ́n bá wá wádìí. Mo ní kó yan èyí tó fẹ́ fi hàn wọ́n. Ó wọlé lọ.

Awakọ̀ dé. Ó wo Yéjídé, ó ní òun kò gbé irú èyí, kó má baà ran àwọn èrò òun. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jókòó. Mo ní kó sọ fún àgbàlagbà bíi tèmi pé kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Obìnrin ni dókítà awọ ara tó gbà wá. Dókítà Motọ́lání lorúkọ rẹ̀. Kò bá wa sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi fọ ẹ̀yìn Yéjídé, tí wọ́n fa omi sí i lára, tí wọ́n fi ìpara bò ó, tí wọ́n sì fi aṣọ ìbora wé e. Ó ní awọ ara ni ògiri ènìyàn. Bí ògiri bá wó, omi inú á jò tán, òtútù á wọlé, àìsàn mìíràn á wọlé. Ó ní bí a bá fi dọ̀la, a lè má bá a láàyè.

Lẹ́yìn náà ló wá bi Ezekiel léèrè ohun tí wọ́n ti lò fún un.

"Ewé ni, Dókítà. Ewé lásán."

"Bàbá Jẹ́jẹ́, kí ẹ tó purọ́ fún mi, ẹ rántí pé kì í ṣe èmi ni mo máa kú."

Ezekiel jẹ́wọ́. Ó sọ ti ìyẹ̀fun, ó sọ ti oògùn kòkó. Ojú dókítà yí padà. Ó ní òun ti mọ̀ nípa ti ìyẹ̀fun náà, ojú róbótó ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún òun. Ó ní oògùn òyìnbó kan wà tó lágbára, tí àwọn dókítà ń lò pẹ̀lú ìṣọ́ra. Àwọn ọ̀dájú ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ewé, wọ́n ń pè é ní egbò ìbílẹ̀. Ó ń mú ara dán kíákíá, owó á sì wọlé fún wọn. Lábẹ́lẹ̀, ó ń ba egungun jẹ́, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà sókè. Bí ẹni tó ní irú àìsàn yìí bá sì fi í sílẹ̀ lójijì, àìsàn náà á padà dé pẹ̀lú ìbínú. Bí Yéjídé ṣe rí yìí ni.

Ezekiel fi ohùn kékeré béèrè èyí tó ti wà nínú rẹ̀ látọjọ́ yìí.

"Ṣé ẹ̀tẹ̀ ni, Dókítà?"

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ká tilẹ̀ ní ẹ̀tẹ̀ ni, oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni. A kì í lé ẹlẹ́tẹ̀ sínú àká."

Mi ò mọ ẹni tó sọ ti àká fún un. Bóyá Yéjídé ni.

Dókítà pe orúkọ àìsàn náà ní sọráyásíìsì. Àwa kò ní orúkọ kan pàtó fún un. Ohun tí a kò lórúkọ fún, orúkọ burúkú la máa ń fún un. Ó ní kì í ràn. Kì í gba inú abọ́ ràn, kì í gba orí ẹní, kì í gba inú odó. Ọkọ kì í kó o lára aya. Ọmọ kì í kó o nínú ọmú. Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò yọ sí lára.

Ezekiel ní ṣebí kòkòrò kan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí ló wá ń jẹ awọ náà?

Dókítà fa àga, ó jókòó.

"Ta ló ń ṣọ́ oko yín?"

"Àwọn ọdẹ ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé olè wọlé?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á fi fóònù pe àwọn yòókù."

"Ká ní ẹnì kan ń pè wọ́n tọ̀sán-tòru pé olè wà lóko yín, tí kò sì sí olè kankan ńkọ́?"

Ezekiel rò ó. "Wọ́n á máa ya wá. Wọ́n á tẹ kòkó mi mọ́lẹ̀ tán."

"Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ìyàwó yín nìyẹn. Kòkó yín, ìta ni àrùn ti ń bá a, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fín in. Èyí, inú ló ti wá. Ara ní ọmọ ogun tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn. Nínú àìsàn yìí, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn kò dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀tá. Awọ tó yẹ kó lo bí oṣù kan kó tó bó, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ti gbó. Tuntun á gun orí ògbólógbòó. Ìpẹ́ funfun tí ẹ rí nìyẹn."

Ó bi í pé kí ló máa ṣe sí irú ìpè òfo bẹ́ẹ̀. Ṣé yóò pa àwọn ọdẹ ni?

"Rárá o. Olè gidi á kó oko mi lọ."

"Kí lẹ máa ṣe?"

"Màá wá ẹni tó ń pè wọ́n. Màá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ gbọ́n báyìí, ẹ wá lọ po oògùn kòkó."

Ezekiel wolẹ̀. Kò gbójú sókè títí dókítà fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ní ìyẹ̀fun ọlọ́jà yẹn dà bí kéèyàn fún gbogbo ọdẹ ní ọtí mu yó. Wọ́n á sùn, oko á parọ́rọ́. Ọjọ́ tí ọtí bá dá lójú wọn, wọ́n á jí dìde bíi wèrè. Ó ní oògùn tuntun wà báyìí tó ń ṣe ohun tí Ezekiel sọ. Àwọn onímọ̀ ti wá ìránṣẹ́ inú ara wọ̀nyí rí, wọ́n ti mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ èyí tó ń pe ìpè òfo. Abẹ́rẹ́ náà á lọ dí ẹnu ìyẹn. Àwọn ọdẹ tó kù á máa ṣọ́ oko lọ.

Ezekiel ní kí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà.

Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìpara ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìmọ́lẹ̀ ń wo àwọn mìíràn. Oògùn oníhóró kan sì wà tí kò wọ́n, tó ń mú gbogbo ọmọ ogun rọlẹ̀ díẹ̀. Òun ni Yéjídé máa kọ́kọ́ lò bí ara rẹ̀ bá ti gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Kò sì gbọdọ̀ lóyún nígbà tó bá ń lò ó. Wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Yéjídé pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n rọra gbà á lọ́wọ́ ohun tí ọlọ́jà náà fún un mu. Nígbà tó padà sí abúlé, ó lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ara rẹ̀ kò gbóná mọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ṣì hàn ní apá àti lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní ojú á rí i.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ dé.

Ìyá Ezekiel ti tẹ́ ẹní sínú àká láti àárọ̀. Ó ní kí Yéjídé jókòó síbẹ̀ títí àlejò á fi lọ. Yéjídé ti dìde, ó ń lọ. Ezekiel dúró sí iwájú rẹ̀.

"Màámi, ìyàwó mi kò wọ àká mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wádìí ilé wa, kí wọ́n wádìí gbogbo wa pọ̀."

"Bí wọ́n bá kọ Timothy, orí rẹ ni."

"Kó wà lórí mi."

Bàbá Bísọ́lá ló ṣáájú wọn. Tíṣà Akínkúnmi ni wọ́n ń pè é, ó ti fẹ̀yìn tì. Yéjídé kúnlẹ̀ kí i. Ojú ọkùnrin náà bọ́ sí apá rẹ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Ó béèrè pé kí nìyẹn. Timothy ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ezekiel sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sọ orúkọ àìsàn náà, ó ní kì í ràn, ó sọ ohun tí ìyẹ̀fun ọjà fà. Ó sọ ti oògùn kòkó pẹ̀lú, níṣojú gbogbo wọn.

"Ta ló sọ fún yín pé kì í ràn?"

"Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Adó ni, sà."

"A ó lọ béèrè."

Wọ́n dìde. Iyán ti wà lórí tábìlì, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú wọn. Ìyá Ezekiel kò tilẹ̀ jẹ́ kí eruku ọkọ̀ wọn wálẹ̀ kó tó kó aṣọ Yéjídé sínú báàgì. Ezekiel tú u. Ìyá rẹ̀ tún kó o. Ezekiel tún tú u. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń wò wọ́n. Mo ti rí ìyá àti ọmọ tó ń jà nítorí ilẹ̀. Mi ò rí irú èyí rí.

Tíṣà lọ sí Adó lóòótọ́. Dókítà kò bá a sọ ọ̀rọ̀ Yéjídé. Ó ní ọ̀rọ̀ aláìsàn òun kì í ṣe ti àlejò. Ṣùgbọ́n ó dáhùn gbogbo ohun tó béèrè nípa àìsàn náà. Tíṣà béèrè bóyá ó lè ran ọmọ òun nínú ilé kan náà. Ó ní rárá. Ó béèrè bóyá ó lè dé ara ọmọ tí Bísọ́lá máa bí. Ó ní ìyàwó ilé kì í fi àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀.

Tíṣà padà wá láìránṣẹ́ ṣáájú. Òun nìkan ló wá. Ó jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀.

"Iyán ọjọ́sí, ṣé ó ṣì kù?"

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mọ̀ pé àwàdà ni.

"Ó ti kan, sà," ni Yéjídé wí.

"Ẹ wá gún òmíràn. Ìwọ ni kó gún un, ìyàwó. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń jókòó láti Ìkẹ́rẹ́, ebi ń pa mí."

Yéjídé gún un. Tíṣà jẹ, Ezekiel jẹ, Timothy jẹ. Èmi náà jẹ. Ìyá Ezekiel ní òun ti yó.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á mọ́.

Oògùn oníhóró náà mú ara Yéjídé rọlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn. Ká ní kò sí àyẹ̀wò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n dá a dúró. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan abẹ́rẹ́ tuntun.

Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn ẹ̀dọ̀ àti ikọ́ ife. Wọ́n bá ikọ́ ife lára rẹ̀, ó sùn síbẹ̀, kò tíì jí. Dókítà ní bí àwọn bá dí ẹnu ìránṣẹ́ kan, olè tó ti wà nínú oko lè lo àyè náà. Yéjídé lo oògùn ikọ́ ife ná, kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín. Abẹ́rẹ́ yẹn wọ́n. Kò sí ní ilé ìwòsàn kékeré wa. Inú fìríìjì ló ń gbé, iná wa kò sì dúró. Àwọn aláàánú kan ní Èkó ni dókítà kọ̀wé sí kí Yéjídé tó rí i gbà, ó sì dúró pẹ́. Oògùn wà láyé, àwọn tó nílò rẹ̀ ń sùn nínú àká. Ẹni tó bá wà nípò tó lè mú un dé ọ̀dọ̀ wa, tí kò mú un dé, kó mọ̀ pé a ń rí i.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí ibì kan bá pọ́n lára rẹ, tó nípọn, tó ń bó ìpẹ́ funfun, tí kò lọ, má fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ ara rẹ. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ ọ, ní kí wọ́n júwe dókítà awọ ara fún ọ. Bí oríkèé bá ń dùn ọ́ tàbí tó ń wú pẹ̀lú rẹ̀, sọ fún wọn. Àìsàn kan náà lè máa ba oríkèé jẹ́. Bí ara rẹ bá pọ́n lódindi, tí òtútù ń mú ọ, má dúró di ọ̀la.

Má ra ìyẹ̀fun tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà àjọ tó ń ṣọ́ oògùn lára. Bí o bá ti ń lò ó, má ṣàdédé fi í sílẹ̀. Gbé e dání lọ bá dókítà, sì sọ òtítọ́. Oògùn tí wọ́n bá ní kí o lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ẹ má pín abẹ́rẹ́ láàárín ara yín, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ ikọ́ ife wò fún yín.

Oògùn oko, oko ló ń gbé. Kò sí awọ ènìyàn tí wọ́n ṣe é fún.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin awakọ̀, àìsàn yìí kì í ràn. Ẹ jẹun pọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ní in. Bí ẹ bá sì ń wádìí ilé tí ẹ fẹ́ fọmọ fún, ẹ wádìí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀.

Yéjídé ṣì ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Adó. Àìsàn náà kò tán. Ó kù ní orókún kan, ó kù lẹ́yìn etí kan.